Bí ẹ ṣe lè tún ojú ìkànnì yín ṣe tí update ò fi ní pa á rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní ìkànnì ìròyìn, tàbí tó ń bá ẹgbẹ́ ìlú, ìjọ tàbí iléeṣẹ́ bójú tó tiwọn, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ọ̀rọ̀ WordPress, Joomla àti Drupal ni, ìyẹn àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbé ọ̀rọ̀ sórí ayélujára. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí bí ojúewé yín ṣe rí padà, ibo lẹ máa fọwọ́ kàn tí iṣẹ́ yín ò fi ní ṣòfò?

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó kàn wá ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC Òkè-Ìṣẹ́gun ní Eruku, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù náà, ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé gbogbo àwọn 38 tí wọ́n kó lọ ti gba òmìnira. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ìròyìn àárọ̀ lè má jẹ́ òótọ́ mọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Eruku tó wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ẹbí rẹ̀ wà nílé, ní láti mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìròyìn tó ń kà kẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìlà kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àkọlé gbogbo ìròyìn: "A tún un ṣe kẹ́yìn," pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Àmọ́ ọ̀pọ̀ theme ò ní in. Ọjọ́ tí ìròyìn kọ́kọ́ jáde nìkan ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀, wọ́n á tún fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ oṣù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlà yẹn, ẹ̀yin lẹ máa fi í síbẹ̀ fúnra yín.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe

Látìgbà tí Matt Mullenweg àti Mike Little ti gbé WordPress jáde lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ yín pa mọ́ sí, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn fáìlì tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa hàn. Àwọn fáìlì yìí là ń pè ní template, inú theme ni wọ́n sì wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí fáìlì theme náà gan-an, wọ́n á fi ìlà kan kún un, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Ó máa ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí update theme bá dé, WordPress máa kó fódà àtijọ́ dà nù, á sì gbé tuntun sípò rẹ̀. Ìlà yín ti bá a lọ nìyẹn. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa ta yín lólobó. Ìkànnì ṣì ń ṣí dáadáa, aago nìkan ni kò sí mọ́.

Àwọn kan á wá sọ pé: "Ó dáa, mi ò ní ṣe update mọ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n rí ihò nínú TimThumb, fáìlì kékeré kan tó ń tún ìwọ̀n àwòrán ṣe, tó wà nínú ọ̀pọ̀ theme nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn hacker gbà wọ ìkànnì àwọn èèyàn. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2017, WordPress gbé 4.7.2 jáde láti dí ihò kan tó jẹ́ kí àjèjì tí kò ní password lè yí ọ̀rọ̀ inú ìròyìn padà. Ojúewé tí wọ́n bà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì ṣe update lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹlòmíràn máa kọ ìròyìn ìjínigbé lábẹ́ orúkọ yín!

Nítorí náà, update pọn dandan. Iṣẹ́ yín ló yẹ kó kúrò lọ́nà rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: child theme

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé pátánì tó fi ń ṣiṣẹ́. Bébà mìíràn ló máa gbé lé e, á sì gé ìyẹn. Bí child theme ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ká ní Twenty Twenty-One lẹ̀ ń lò:

1. Nínú wp-content/themes, ẹ ṣẹ̀dá fódà tuntun, kẹ́ ẹ pè é ní iroyin.

2. Ẹ fi fáìlì style.css sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ èyí sókè rẹ̀:

/*
Theme Name: Iroyin
Template: twentytwentyone
*/

Orúkọ fódà theme ìyá gan-an ló gbọ́dọ̀ wà níwájú Template.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ibi tó bá ti ìyá mu: template-parts/content/content-single.php.

4. Nínú ẹ̀dà yìí, lábẹ́ àkọlé, ẹ fi èyí kún un:

A tún un ṣe kẹ́yìn: <?php echo get_the_modified_date( 'j/n/Y, H:i' ); ?>

5. Ẹ lọ sí Appearance, lẹ́yìn náà Themes, kẹ́ ẹ tan Iroyin.

Láti ìgbà náà lọ, inú fódà ọmọ ni WordPress máa kọ́kọ́ wò. Tí kò bá rí fáìlì tó ń wá níbẹ̀, á lọ sí ti ìyá. Update máa dé bá ìyá, kò ní kan ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún functions.php. Ìyẹn ò tẹ̀ lé òfin yìí: WordPress máa ń ka ti ọmọ àti ti ìyá papọ̀. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ti ìyá kọ sínú ti ọmọ, ìkànnì lè kú fin-ín-fin-ín. Ohun tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún un nìkan ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

Ohun méjì kan tún wà nípa aago yìí. Ẹ lọ sí Settings, General, kẹ́ ẹ yan Lagos. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí UTC, wákàtí kan ni aago yín á fi máa pẹ́ lẹ́yìn ti Nàìjíríà. Ìkejì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tọ́jú ìròyìn ni aago yìí máa yí, kódà kó jẹ́ àmì ohùn kan lẹ tún ṣe. Èmi máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ohun tó yí padà sínú ìròyìn náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: plugin tiyín

Child theme ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ theme pátápátá, ọmọ máa bá ìyá lọ. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ plugin kékeré. Fáìlì PHP kan péré ni, inú wp-content/plugins ló máa wà:

<?php
/* Plugin Name: Akoko Iroyin */
function akoko_iroyin( $oro ) {
  if ( ! is_singular( 'post' ) ) return $oro;
  return '<p>A tún un ṣe kẹ́yìn: ' . get_the_modified_date( 'j/n/Y, H:i' ) . '</p>' . $oro;
}
add_filter( 'the_content', 'akoko_iroyin' );

Theme yòówù kẹ́ ẹ lò, ìlà yẹn máa wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ odindi template lẹ fẹ́ pààrọ̀, plugin lè lo template_include láti gbé fáìlì tiẹ̀ sílẹ̀ dípò ti theme. Ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ yàn o. Bẹ́ ẹ bá lo méjèèjì, aago á jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin tèmi ni pé: bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹwà, child theme. Bó bá jẹ́ ohun tí ònkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀, plugin.

Àwọn tó ń lo ètò mìíràn

Lórí Joomla, inú fódà html tó wà nínú template yín ni ẹ̀dà máa ń lọ. Ojúewé ìròyìn, fún àpẹẹrẹ, á wà ní html/com_content/article/default.php. Lórí Drupal, láti ìgbà tí Drupal 8 ti dé lọ́dún 2015, ẹ̀dà node.html.twig ni kẹ́ ẹ gbé sínú fódà templates theme tiyín, kẹ́ ẹ sì nu cache. Tẹ́ ẹ bá ní ìtajà WooCommerce, ẹ ṣẹ̀dá fódà woocommerce nínú child theme yín.

Àwọn theme oní-block yàtọ̀ díẹ̀. Láti WordPress 5.9, tó jáde lóṣù Kìíní ọdún 2022, ohun tẹ́ ẹ bá yí padà nínú Site Editor máa ń wọ database, update theme kì í pa á rẹ́. Fáìlì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn nínú theme ló ṣì lè ṣòfò.

Iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ̀dà tẹ́ ẹ ṣe kì í gba update. Bí àwọn tó ṣe theme bá dí ihò nínú fáìlì ìyá, ihò yẹn ṣì wà nínú tiyín. Nítorí náà, ẹ má ṣe ẹ̀dà ju fáìlì tẹ́ ẹ nílò lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é àti nọ́ńbà theme ìyá sókè rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi wé tuntun. WooCommerce tiẹ̀ máa ń to àwọn ẹ̀dà tó ti gbó fún yín lójú ewé Status. Theme púpọ̀ ò ní ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tọ́jú backup kẹ́ ẹ tó ṣe update. Bó bá ti parí, ẹ fi fóònù ṣí ìròyìn kan láì wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, bí ònkàwé ṣe máa rí i gan-an, kẹ́ ẹ wò ó bóyá aago ṣì wà lábẹ́ àkọlé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lóru kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá ìròyìn yín ti pẹ́ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.