Àdúrà Tí Beruriah Kọ́ Ọkọ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ní Cow Lane, ní Accra, fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ a máa fi èpè sí ẹnu olùgbàdúrà. Àwa náà mọ̀ ọ́n.

Talmud àwọn Júù sọ nípa Rabbi Meir, olùkọ́ Òfin ní ọ̀rúndún kejì. Àwọn jàǹdùkú àdúgbò ń pọ́n ọn lójú, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n kú. Beruriah aya rẹ̀, ọ̀mọ̀wé obìnrin, kò gbà. Níbi tí Bíbélì wa ti ka Sáàmù 104 sí ìparun ẹlẹ́ṣẹ̀, ìparun ẹ̀ṣẹ̀ ni òun kà. Ó ní kí ó tọrọ ìrònúpìwàdà fún wọn. Meir gbọ́ ti aya rẹ̀. Ó gba àdúrà náà, wọ́n sì yípadà.