Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Náà Nílò Ìtọ́jú

Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, nígbà tí bàbá àti ìyá bá ti darúgbó tàbí tí wọ́n ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ní ìpèníjà ara máa ń bọ́ sí lọ́rùn. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń jí sí i lóru. Láádá ńlá wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ènìyàn, ọkàn náà sì máa ń ṣàárẹ̀.

Àmì tí kò yẹ ká fojú fò

Bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí ó bá wá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Ànọ́bì Yaqub banújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ Yusuf títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Ta ló jẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó?

Sàhábé Salman bá Abu Darda nílé, ó rí i pé àwẹ̀ ọ̀sán àti ìrun òru kò jẹ́ kó ráyè gbọ́ ti ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Ó rán an létí pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, ó ní òdodo ni Salman sọ. Bí ìjọsìn kò bá gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ ara run, ìtọ́jú ọmọ ìyá náà kò gbọdọ̀ pa á run.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí gbogbo ọmọ jókòó, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà lókè òkun kò lè wá wẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó lè máa san owó ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí olùtọ́jú ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé a lè fún ọmọ ìyá ẹni tó jẹ́ aláìní ní Sàká, bí gbígbọ́ bùkátà rẹ̀ kì í bá ṣe ọ̀ranyàn lórí ẹni. Ẹ bi àlùfáà yín. Ànọ́bì sì ti kọ́ wa pé láádá méjì ló wà nínú sàráà fún ẹbí: ti sàráà àti ti síso okùn ìbátan.

Àdúà dára, rúkíyà dára, ṣùgbọ́n wọn kò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá l'Ékòó láti ọdún 1907, ó sì wà ní Àrò l'Ábẹ́òkúta. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ń rí dọ́kítà tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olùtọ́jú ní àlàáfíà, kó má jẹ́ kí ẹbí wọn dá wọn dá ẹrù náà. Àmín.