Domitianus, Ọba Tí Owó Méjì Jẹ́rìí Sí

Àwọn òpìtàn Róòmù àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ àwọn ọba wọn ṣeré. Wọ́n kọ ìwà wọn, wọ́n kọ oúnjẹ wọn, wọ́n sì kọ irú ikú tí ó pa wọ́n. Síbẹ̀ ọba kan wà tí ó jẹ́ pé, bí kì í bá ṣe ti owó wẹ́wẹ́ méjì tí a hú jáde nínú ilẹ̀, tí ọdún 103 sì wà láàárín wọn, a kì bá tí mọ̀ pé ó gun orí oyè rí. Domitianus ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Domitianus ọmọ Vespasianus, tí ó jọba láti ọdún 81 títí di 96, ni mo ń wí o. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìtàn Róòmù díẹ̀. Ìtàn bí a ti ṣe rí èyí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àwọn tí í máa kó owó àtijọ́ jọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àfipawọ́ yìí ti pẹ́. Suetonius sọ pé Augustus fúnra rẹ̀ a máa fi owó ayé àtijọ́ àti owó ilẹ̀ òkèèrè ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ nígbà ọdún Saturnalia. Ní 1354, Petrarch, akéwì ará Ítálì, lọ pàdé Charles Kẹrin ní ìlú Mantua, ó sì fún un ní owó wúrà àti fàdákà mélòó kan tí orí àwọn Késárì wà lára wọn. Kì í ṣe kí ọba lè ná wọn. Ó fẹ́ kí Charles wo ojú àwọn tí ó ti wà lórí ìtẹ́ ṣáájú rẹ̀, kí ó sì fara wé wọn. Lójú tèmi, ìbáwí ni ẹ̀bùn náà, bí ó ti wù kí wúrà rẹ̀ máa dán tó. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn èyí, Hubert Goltzius, ayàwòrán ará Netherlands, rin ìrìn àjò láti ilé olówó àtijọ́ kan dé òmíràn, ní ilẹ̀ tirẹ̀, ní Jámánì, ní Faransé àti ní Ítálì. Ó to iye àkójọ tí ó fi ojú rí sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1563. Wọ́n lé ní 900. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ó ti àpótí owó rẹ̀ pa kò lè mọ̀ bóyá irú tirẹ̀ wà níbòmíràn.

Ohun tí ó mú kí owó Róòmù dùn ún kó jọ ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná kò ní ojú ẹnikẹ́ni lára. Bí ẹ bá da ọ̀kẹ́ kan rẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan kò ní sọ fún yín ìgbà ọba wo ni a ná an. Ti Róòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ọba wà níwájú, orúkọ àti oyè rẹ̀ yí i ká bí oríkì. Ẹ̀yìn owó ni ọba ti ń sọ ohun tí ó bá fẹ́ kí ará ìlú gbà gbọ́: pé òun ṣẹ́gun, pé oúnjẹ pọ̀, pé àlàáfíà ti dé. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó wá àwọn oníṣẹ́ ọnà tí yóò gbẹ́ orí rẹ̀ sára òǹtẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn onígbàjúẹ̀ náà mọ ohun tí àwọn akówójọ ń wá. Carl Wilhelm Becker, ará Jámánì tí ó kú ní 1830, ni ọ̀gá wọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tan àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ. A gbọ́ pé a máa kó owó tuntun rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ìgbẹ́rùn irin, a máa so ó mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, a sì máa wà á káàkiri títí tí owó náà yóò fi gbó bí ohun tí ó ti wà láti ìgbà Késárì. Nítorí irú wọn ni ojú àwọn onímọ̀ fi máa ń le nígbà tí owó kan bá yọjú tí kò ní ẹlẹgbẹ́.

Ojú líle yìí ni ó kí Domitianus káàbọ̀. Ní 1900, wọ́n hú owó púpọ̀ jáde ní Les Cléons, nítòsí ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan wà láàárín wọn, owó kékeré tí fàdákà inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ọba ara rẹ̀ dé adé onítànṣán bí oòrùn. Àkọlé rẹ̀ ni IMP C DOMITIANVS P F AVG. Bí ó ti rí fi hàn pé ti nǹkan bí ọdún 271 ni, nígbà tí Gaul àti Britain ti ya ara wọn kúrò lábẹ́ Róòmù. Wọ́n ní àwọn ọba tiwọn láti 260 títí di 274: Postumus, Laelianus, Marius, Victorinus, Tetricus. Kò sí Domitianus nínú wọn. Òpìtàn Zosimus kàn dárúkọ Domitianus kan fìrí, pé Aurelianus fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ọ̀tẹ̀. Kò sọ pé ó jọba. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wí pé ayédèrú ni owó náà, wọ́n sì gbé e sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Dobrée ní Nantes. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, ta ni yóò fi í dá ẹjọ́ ọba?

Ní 2003, ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó kàn fẹ́ràn kí ó máa gbé ẹ̀rọ tí í fi ohùn sọ ibi tí irin wà káàkiri inú oko, rí ìkòkò kan nínú ilẹ̀ ní Chalgrove, nítòsí Oxford. Owó inú rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó pé 5,000, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn di òkìtì kan. Bí ó bá ti fi òòlù tú wọn ká ni, tí ó sì ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn ìbá parí síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi tó àwọn aláṣẹ létí, gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣúra ọdún 1996 ti wí, odindi ìkòkò náà sì dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi sùúrù ya owó náà, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọ̀pọ̀ owó Victorinus àti Tetricus, tí wọ́n wọ́pọ̀ bí yanrìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ojú ẹni tí ń yẹ̀ wọ́n wò ti kan orúkọ náà: DOMITIANVS.

Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ ti ti Nantes. Òǹtẹ̀ kan náà ni ó tẹ àwọn méjèèjì. Ó yẹ kí a mọ bí èyí ti lágbára tó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ òǹtẹ̀ nígbà náà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi irin pẹlẹbẹ sáàárín méjì, tí wọn yóò sì lu ú ní òòlù. Òǹtẹ̀ méjì kì í jọra dé ìfà gègé kọ̀ọ̀kan, àní bí ẹnìkan náà bá gbẹ́ ẹ. Ta ni ìbá sì ti ki ayédèrú bọ àárín owó tí ó ti lẹ̀ mọ́ra nínú ìkòkò ní Chalgrove? Bí ti Chalgrove bá jẹ́ òótọ́, òótọ́ ni ti Nantes pẹ̀lú. Owó tí ó ti jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún gba ìdáláre láti ẹnu ẹnìkejì rẹ̀, tí ó wá ní òdìkejì òkun.

Kí ni a wá mọ̀ nípa ọba náà? Kò pọ̀. A mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti ń rọ owó, nítorí ẹni tí kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn owó rẹ̀ ni ó kọ CONCORDIA MILITVM sí, èyí tí í ṣe ìṣọ̀kan àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò kì í pariwo pé ilé òun tòrò! Bí owó rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó, ó jọ pé àkókò rẹ̀ kò gùn rárá. Èyí tí a rí ní Chalgrove wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford.

Kì í ṣe gbogbo owó ni ó máa ń bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2020 wọ́n ta owó wúrà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lára èyí tí Brutus rọ ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Krístì láti fi ikú Julius Caesar yangàn. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn. Lẹ́yìn náà ni ó hàn gbangba pé irọ́ ni ohun tí a sọ nípa àwọn tí ó ti ni ín rí, wọ́n sì dá a padà fún ilẹ̀ Gíríìsì ní 2023. Wúrà náà padà, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ti hú u, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò lè bá a padà.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ Sponsianus fi ṣòro. Owó wúrà tí ó ní orúkọ ọkùnrin yìí lára wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunterian ní Glasgow. A gbọ́ pé Transylvania ni wọ́n ti rí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1713. Ayédèrú ni a kà á sí fún ọjọ́ pípẹ́. Ní 2022 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan fi awò tí í sọ kékeré di ńlá wò ó, wọ́n rí bí ara rẹ̀ ti họ àti erùpẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì wí pé owó gidi ni, pé Sponsianus jọba ní Dacia. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ owó kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ńṣe ni wọ́n da wúrà náà sínú àwòṣe, wọn kò lu ú ní òǹtẹ̀. Èmi náà kò tíì gbà. Ara tí ó họ kò tó, ẹ rántí Becker àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Ìkòkò bí ti Chalgrove ni Sponsianus kò tíì ní.