Àgbọ̀nrín wọlẹ̀, lílì yọ: ìtàn ẹbí Fugger 🧵

1/ Ahunṣọ ni Hans Fugger tó dé ìlú Augsburg ní Jámánì lọ́dún 1367. Ìran ẹ̀ wá pín sí ilé méjì.

2/ Ilé kan gba àgbọ̀nrín sórí asà wọn lọ́dún 1462. Ìkejì gba òdòdó lílì méjì lọ́dún 1473, torí wọ́n wá aṣọ fún Ọba Frederick Kẹta.

3/ Ilé àgbọ̀nrín yá Ọba Maximilian lówó. Ìlú Leuven ló dúró fún un, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ àwọn ò san. Òwò dẹnu kọlẹ̀!

4/ Jakob tilé lílì náà ń yá àwọn ọlọ́lá lówó, àmọ́ fàdákà ilẹ̀ Tyrol ló ń gbà dógò. Ó là gan-an.

5/ Ẹ̀yin tèmi, àmì orí asà ò kì í san gbèsè o. Kí lẹ gbà dógò?