Ta Ló Yàn Án? Akẹ́kọ̀ọ́ Akàndá àti Ìpinnu Ara Rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-ìwé kan gba akàndá mọ́ra, orí la sábà máa ń kà: ọmọ mélòó ló wọlé, ǹjẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ lè dé kíláàsì? Èrò tèmi ni pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ yàn, èdè wo ló sì fi sọ ọ́?

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, Michael Wehmeyer àti Michelle Schwartz tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ìpèníjà ọpọlọ tàbí ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́, títí wọ́n fi kúrò nílé-ìwé. Nígbà tó pé ọdún kan tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, àwọn tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu fún ara wọn ló ríṣẹ́ olówó ju àwọn yòókù lọ. Èyí kò tíì fi hàn pé ìpinnu ló bí iṣẹ́. Ó tó láti mú wa ronú ṣá.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé nílé tiwa, ta ló ń bi ọmọ léèrè? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà tàbí télọ̀ ní Òkè-Sopẹn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, lè sá wálé. Wọ́n á bá a wí, wọ́n á fà á padà, ṣùgbọ́n bó bá tún sá, ìyá rẹ̀ á ní iṣẹ́ yìí kò bá a lára mu, wọ́n á sì wá ọ̀gá mìíràn. Akàndá ni kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fi í sí, kó dúró síbẹ̀, kó sì máa dúpẹ́. Wehmeyer pàápàá kò sọ pé kéèyàn dá gbogbo nǹkan ṣe. Ẹni tó ní kí ìyá òun bá òun pinnu ti pinnu náà.

Ọ̀rọ̀ adití ló le jù níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ adití kan ní kíláàsì àwọn tó ń gbọ́ràn. Olùkọ́ kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ, ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo kíláàsì lọ, olùkọ́ sì fi bírò pupa máàkì rẹ̀ pé ó dáa. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nílé, àmì ọwọ́ tí òun àtàwọn òbí rẹ̀ jọ ní kò ju jẹun, wá, lọ wẹ̀. Èwo ni yóò fi sọ pé òun kò fẹ́ kíláàsì yìí?

Nígbà tí Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tó ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra ní 1957, dé Ìbàdàn ní 1960, ilé-ìwé adití ló dá sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Lójú ẹni tó ń ṣírò orí, ìyàsọ́tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú ibẹ̀ ni ọmọ tó jẹ́ òun nìkan ni adití lágbo ilé rẹ̀ ti ń rí ẹgbẹ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìkéde Salamanca ti 1994, tí gbogbo ayé fi ń jà fún ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́, gbà pé ilé-ìwé tàbí kíláàsì tiwọn lè bá àwọn adití mu jù. Àwọn tó ń tọ́ka sí ìkéde yìí kì í sábà kà dé ibẹ̀.

Òfin àwọn akàndá ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gba akàndá mọ́ra, kó ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa wọn, kí Braille àti èdè adití sì wọ inú ẹ̀kọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba yóò pèsè nìyẹn. Àdéhùn àjọ UN ti 2006, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, lọ jìnnà sí i: abala keje ní kí ọmọ akàndá sọ èrò rẹ̀ lórí ohun gbogbo tó kàn án, kí a sì ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́.

Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè ló wà. Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Táí Ṣólàrín wà ní Ìjàgun. Bí olùwádìí láti ọ̀kan nínú méjèèjì bá gba ilé-ìwé Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, kó fi ìwé orúkọ sílẹ̀ ná, kó wo ìgbà méjì: ìgbà tí ọmọ ń wọ JSS 1 àti ìgbà tó ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò kà ní SS 1. Ta ló jókòó níbi ìpinnu? Ǹjẹ́ ògbufọ̀ wà níbẹ̀? Kó sì bi olùkọ́ (a kì í fẹ́ràn ìbéèrè yìí) pé ìgbà wo ni akàndá sọ gbẹ̀yìn pé òun kò fẹ́, tí àgbàlagbà sì yí nǹkan padà nítorí rẹ̀.