Ta Ló Ń Yẹ Kóòdù Wò? Ìtàn Ojú Kejì Láti 1974 Títí Dé Ayé IA



Àwọn ọmọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í fọwọ́ ara wọn kọ gbogbo kóòdù mọ́. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwa ń pè ní IA, ìyẹn á sì kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kóòdù ni àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé àṣìṣe náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ta ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́ kí IA tó dé.

Ní 1974, ohun èlò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diff jáde pẹ̀lú Unix láti ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Douglas McIlroy ló kọ ọ́. Kò ṣe ju pé kó fi ìwé àná wé ti òní, kó sì fi àwọn ìlà tó yàtọ̀ hàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò kò ní láti ka ẹgbẹ̀rún ìlà mọ́. Ibi tó yí padà ni yóò kà.

Ní 1976, Michael Fagan tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM kọ̀wé lórí bí ó ṣe yẹ kí àwọn ènìyàn jókòó yẹ kóòdù wò. Ènìyàn mẹ́rin ló ní kó pé jọ: ẹni tó ń darí ìjókòó, ẹni tó gbèrò iṣẹ́ náà, ẹni tó kọ ọ́, àti ẹni tí yóò dán an wò. Ó ní ìjókòó kan kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ, nítorí ojú tó ti rẹ̀ kì í rí àṣìṣe mọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àìsí ojú kejì ti pa ènìyàn rí. Ẹ̀rọ Therac-25, tí wọ́n ṣe ní Kánádà, ni wọ́n fi ń tan ìtànṣán sára àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Láàárín 1985 sí 1987, ó tan ìtànṣán tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sára ènìyàn mẹ́fà, àwọn kan sì kú. Nancy Leveson àti Clark Turner tẹ ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde ní 1993. Ènìyàn kan ṣoṣo ló kọ kóòdù náà, ilé iṣẹ́ náà kò sì fún ará ìta kankan yẹ̀ wò. Wọ́n tún ti yọ àwọn ìdènà onírin tó wà lára ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, torí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù.

Ṣùgbọ́n ojú kejì náà lè fò ó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011, àyípadà kan wọ inú OpenSSL, èyí tó ń bo àṣírí ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àṣìṣe inú rẹ̀. Kóòdù náà gba iye tí ẹni òde bá pè láìkà á wò, ó sì ń kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Oṣù Kẹrin 2014 ni gbogbo ayé tó gbọ́, wọ́n sì pè é ní Heartbleed.

Ní 2005, Linus Torvalds ṣe Git, tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 2021, GitHub gbé Copilot jáde. Láti ìgbà náà, kíkọ ti yá ju kíkà lọ. IA lè kọ ọgọ́rùn-ún ìlà kí o tó ka mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí àwọn ohun èlò ìyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ fi ń jáde báyìí. Wọ́n á fi ìlà tí IA yọ hàn ní pupa, èyí tó fi kún un ní àwọ̀ ewé. Wàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá sì dá a padà fún IA kó tún un ṣe. Òótọ́ ni pé IA fúnra rẹ̀ lè wà lókè òkun, ṣùgbọ́n ilé rẹ ni ìyẹ̀wò ti ń wáyé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, o ṣì lè kà á. Ọmọ diff ti 1974 ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá fi IA kọ ètò tí àwọn ìyá ọlọ́jà yóò fi máa ka owó àjọ wọn, tí owó wá dín, IA kọ́ ni wọn yóò wá. Ẹ̀yin ni wọn yóò kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ kà á kí ẹ tó gbà á. Bí ojú bá sì ti rẹ̀ yín, ẹ dúró títí di ọ̀la, tàbí kí ẹ pe ojú kejì.

Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ sọ fún wa.