Ọwọ́ Tó Di Gègé Mú: Lórí Ìfàsẹ́yìn Olórí Òǹkọ̀wé Eré Tẹlifíṣọ̀n

Bí ẹ bá dárúkọ Amebo fún àgbàlagbà kan ní Mopa ní ilẹ̀ Òkun, yóò rẹ́rìn-ín, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe òfófó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Yóò rántí ojú Ìbídùn Allison tó ṣe é nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Village Headmaster, yóò rántí Fúnṣọ́ Adéolú tó ṣe Olóyè Ẹlẹ́yinmi. Ẹ wá bi í léèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Kò ní mọ̀ ọ́n. N kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni òǹkọ̀wé eré àtìgbàdégbà ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ja ìjà tó sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára lórílẹ̀-èdè yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé fíìmù àgbéléwò ló pa eré tẹlifíṣọ̀n, pé fóònù ló sì sin ín. Lójú tèmi, àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kan mọ́ tí wọ́n fún ní àṣẹ àti àkókò láti tọ́ ìtàn kan dàgbà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, abẹ́ Kàdúná ni Mopa wà, nítorí àwọn amúnisìn ti pín ilẹ̀ Òkun mọ́ Ẹkùn Àríwá. Èdè wa ni wọ́n ń sọ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ó di ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán jọ sábẹ́ NTA ní 1977 kí eré Èkó tó di ti gbogbo wa, àwa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà. The Village Headmaster ni olórí wọn. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀. Orí rédíò ni ó ti kọ́kọ́ jáde ní 1958, ó dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1988. Ọjà ni wọ́n pe ìlú inú rẹ̀. Ọjà jọ Mopa ju bí ó ti jọ Èkó lọ: kábíyèsí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ tún ìlú ṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tí kò tètè gbà fún un. Ìlú Yàgbà wo ní ilẹ̀ Òkun, tí àwọn míṣọ́nnárì SIM kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, ni kò mọ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀?

Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Fẹ́mi Robinson gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Justus Esiri tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Ojú yí padà, Ọjà kò yí padà. Òǹkọ̀wé ń wọlé, òǹkọ̀wé ń jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó láti kọ apá tuntun gbọ́dọ̀ mọ ohun tí Ẹlẹ́yinmi lè sọ àti ohun tí kò lè sọ láéláé. Ibi tí agbára irú eré yìí wà nìyẹn. Òṣèré lè lọ. Ìrántí ìtàn ni kò gbọdọ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibi tí iṣẹ́ yìí ti pọn jù, olórí òǹkọ̀wé ló máa ń la ọ̀nà ìtàn fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan lábẹ́ rẹ̀ a pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Irna Phillips ló dá Guiding Light sílẹ̀ lórí rédíò ní 1937. Ní 1962, Agnes Nixon, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, fẹ́ kí obìnrin kan nínú eré náà ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ, kí àwọn ìyàwó ilé tó ń wò ó lè lọ fún àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble tí ń ta ọṣẹ ló ni eré náà. Àwọn àti CBS tó ń gbé e jáde gbà, pẹ̀lú májẹ̀mú pé kò gbọdọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ilé ọmọ. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé àwọn obìnrin. Ìṣẹ́gun ńlá ni mo ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ló lé Irna Phillips kúrò nídìí As the World Turns, eré tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ní 1973. Ó kú ní ìparí ọdún náà. Nígbà tí iye òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, wọn a lé olórí òǹkọ̀wé kan, wọn a mú òmíràn wá, ẹni tó dé a sì pa àwọn ẹ̀dá ìtàn tí ẹni ìṣáájú fẹ́ràn. Guiding Light parí ní oṣù kẹsàn-án 2009, As the World Turns tẹ̀ lé e lọ́dún kejì.

Àwọn ọ̀gá eré tiwa ti rí ọgbọ́n kan dá sí ìjà òǹkọ̀wé àti olówó yìí. Dúró Ládiípọ̀ tó ṣe Bode Wasinmi àti Oyin Adéjọbí tó ṣe Kóòtù Aṣípa ni olówó, olùdarí àti òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n pa ẹ̀dá ìtàn kan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ọ̀gá bá lọ, eré a bá a lọ.

Kí a má di ẹ̀bi ru owó onígbọ̀wọ́ nìkan. Báǹkì UBA ló gbọ̀wọ́ Cock Crow at Dawn tí Peter Igho ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ kò fara sin: kí àwọn ènìyàn padà sí oko. Síbẹ̀ eré gidi ni, nítorí onígbọ̀wọ́ náà mú sùúrù fún ìtàn kan. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ní 1986 ni sùúrù tán. NTA tó ń sanwó fún eré tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó àkókò lọ́wọ́ àwọn tó gbé eré wá. Òǹkọ̀wé wá di ẹni tó ń gbé ìwé eré lọ sí ọ́fíìsì àwọn apolówó ọjà, tí wọ́n ń fún un ní apá 13, tí kò sì mọ̀ bóyá apá kẹrìnlá yóò wà. Ta ló lè gbin ohun tí yóò so lẹ́yìn ọdún méjì sínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ye é ni àwọn tó ṣe bíi Adéjọbí. Ken Saro-Wiwa kọ Basi and Company, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì gbé e jáde. Amaka Igwe ló kọ Checkmate, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó sì parí ní 1994. Nígbà tó yá, òun náà bọ́ sídìí fíìmù pẹ̀lú Rattlesnake. Kò sẹ́ni tó lè bú u. Chris Obi Rapu tó darí fíìmù Living in Bondage ní 1992 ṣì ń gba owó oṣù NTA, ìdí nìyí tó fi fi orúkọ Vic Mordi bo ara rẹ̀. Ọmọ ilé tó ní láti yí orúkọ padà kó tó lè ṣiṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe: n kò mọ ẹ̀rí tó tún ju èyí lọ. Eré àwọn ará Mẹ́síkò bíi The Rich Also Cry ló wá gba àyè tó ṣófo.

Ní 2008, ilé-iṣẹ́ M-Net dá eré Tinsel sílẹ̀, iyàrá àwọn òǹkọ̀wé sì padà wá. Victor Sanchez Aghahowa àti Tunde Aladese wà lára àwọn tó jẹ́ olórí òǹkọ̀wé rẹ̀. Eré náà kọjá apá 1,000 ní 2013. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gidigidi. Ṣùgbọ́n ìkànnì ló ni ìtàn, Èkó àwọn olówó ni ìtàn náà sì ń gbé. Nínú gbogbo eré tí mo dárúkọ, kò sí èyí tó gbé agboolé rẹ̀ ka ilẹ̀ Òkun, tí a ti gbọ́ kí ìyá kan kí ọmọ rẹ̀ ní “Òkun o”. Láti 2015 tí ìkànnì Zee World ti dé, àwọn ìyá wa mọ wàhálà ìyá ọkọ ní Íńdíà ju bí wọ́n ti rí tiwọn lójú amóhùnmáwòrán.

Àwọn ọ̀dọ́ tó lè kọ ọ́ wà láàárín Kábà, Mopa àti Ẹ̀gbẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba tó bá fẹ́ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ sínú àdéhùn kò ju mẹ́ta lọ: ọdún mẹ́ta tó dájú, orúkọ olórí òǹkọ̀wé lójú eré kí orúkọ onígbọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e, àti pé a kò ní pa ẹ̀dá ìtàn kankan àyàfi bí ẹni tó dá a bá fọwọ́ sí i.